Bí A Ṣe Lè Fi Làákàyè Wo Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti mọ Amẹ́ríkà kí ẹsẹ̀ wa tó tẹ ibẹ̀. Àní ẹni tí kò tíì gba ìwé ìrìnnà rí lè ṣàpèjúwe bí ilé wọn ṣe rí, irú ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn àti bí ọmọ wọn ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé fíìmù, ìpolówó ọjà àti ìròyìn ti gbé gbogbo rẹ̀ wá bá a nílé. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì wà fún ẹni tó ti ń gbé ní Houston tàbí ní Maryland, tí tẹlifíṣọ̀n kì í sinmi nínú ilé rẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe: ẹ máa wádìí ẹni tó sanwó ohun tí ẹ ń wò, kí ẹ sì máa gbé e yẹ̀ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé òun dúró lé lórí.

Ibi owó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ìwé àṣẹ tí àwọn onílé ń san lọ́dọọdún ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú bùkátà BBC. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni NTA. Ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣòwò ló gbé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dàgbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ rédíò WEAF ní New York gba owó lọ́wọ́ àwọn kan tó ń ta ilé gbígbé ní Jackson Heights, ó sì fún aṣojú wọn láyè láti bá àwọn olùgbọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé náà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, bíi Procter & Gamble, ló ń sanwó eré onípele tí àwọn ìyàwó ilé ń gbọ́ lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1941, wọ́n polówó aago Bulova lórí tẹlifíṣọ̀n kí eré baseball kan tó bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, iye òǹwòran tí ètò kan bá ní ni wọ́n fi ń díye lé ìṣẹ́jú ìpolówó tó wà láàárín rẹ̀, ètò tí òǹwòran rẹ̀ bá sì dínkù kì í sábà pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, bó ti wù kó dára tó.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé àti kálámù, ẹ jókòó ti ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ gbogbo ìpolówó tó bá kọjá sílẹ̀. Ìpolówó yóò jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bí oògùn àtọ̀gbẹ àti oògùn oríkèé ríro bá pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fojú sùn. Ẹ dúró díẹ̀ lórí ìpolówó oògùn yìí, nítorí mo rò pé ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù fún àwọn òbí wa tí wọ́n bá wá bá wa gbé. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, Amẹ́ríkà àti New Zealand nìkan ló gbà kí àwọn tó ń ṣe oògùn máa polówó fún ará ìlú ní tààrà oògùn tó jẹ́ pé dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fúnni. Òfin pàṣẹ pé kí wọ́n sọ ewu tó wà nínú oògùn náà, wọ́n sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ṣe ń ka ewu yẹn lọ, ìyá àgbà tó ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré nínú ọgbà ni wọ́n sábà máa ń fi hàn wá. Ẹ yíjú kúrò lára àwòrán, kí ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ nìkan. Bí ìyá yín bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ gbogbo ewu náà fún wọn ní Yorùbá kí wọ́n tó ní oògùn yẹn ni àwọn fẹ́.

Lẹ́yìn owó, ẹ wá sórí ìlérí. Ìwé ìkéde òmìnira ti ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1776 sọ pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn, àti pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ìyè, sí òmìnira àti sí lílépa ìdùnnú. Ẹ kà á fúnra yín, kò gùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ló ní ẹrú, ọdún 1865 sì ni òfin tó fòpin sí oko ẹrú tó wọ inú ìwé òfin ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn kan náà ni àwọn tí wọ́n ń ni lára fi ń bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọdún 1931, òpìtàn James Truslow Adams sọ ohun tí wọ́n ń pè ní American Dream di gbajúmọ̀: ilẹ̀ tí ayé yóò ti dára fún gbogbo ènìyàn, tí oníkálukú yóò sì lè dé ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ lè gbé e dé, láìka ìdílé tí wọ́n bí i sí. Adams sọ ọ́ kedere pé ọ̀rọ̀ náà ju mọ́tò àti owó oṣù ńlá lọ. Mọ́tò àti owó oṣù ńlá gan-an ni ìpolówó ọjà mú nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lójú mi ni Levittown, àdúgbò tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní Long Island, ìpínlẹ̀ New York, ní ọdún 1947 fún àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì dé. Àwòrán ìdílé aláyọ̀ níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ di àwòrán Amẹ́ríkà lójú gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ìwé àdéhùn ilé ibẹ̀ sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè gbé inú rẹ̀, àyàfi tí ó bá jẹ́ ìránṣẹ́. Ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ja ogun kan náà kò rí àyè níbẹ̀. Nígbàkigbà tí wọ́n bá fi ayé ìdẹ̀ra hàn yín, ẹ bèèrè ẹni tí kò sí nínú àwòrán náà àti ohun tí kò jẹ́ kí ó sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí a kàn pa tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 1965, àwọn ọlọ́pàá fi kóńdó àti afẹ́fẹ́ tajútajú kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń wọ́de lórí afárá Edmund Pettus ní Selma, ìpínlẹ̀ Alabama, nítorí ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC dá fíìmù tó ń lọ lọ́wọ́ dúró láti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn, àìmọye ènìyàn tó jókòó sílé wọn sì fojú ara wọn rí i. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Ààrẹ Lyndon Johnson lọ bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀; ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ, ó buwọ́ lu òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ìdìbò. Àwọn tó wọ́de mọ̀ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí orílẹ̀-èdè náà rí bí ìṣe rẹ̀ ṣe jìnnà sí ohun tó kọ sílẹ̀.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìròyìn àti èrò ọkàn ẹni. Láti ọdún 1949, FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ tó bá sọ ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn jẹ́ kí a gbọ́ tọ̀tún-tòsì. Wọ́n fagi lé ìlànà náà ní ọdún 1987. Àwọn kan gbà pé fífagi lé e ló bí àwọn ìkànnì ìròyìn CNN, Fox News àti MSNBC (tó ti di MS NOW ní ọdún 2025), ṣùgbọ́n CNN ti wà láti ọdún 1980, àwọn méjì tó kù dé ní 1996, orí okùn kébù, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n àsanwówò tó ń gba inú wáyà wọlé, ni gbogbo wọn sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ìlànà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀. Lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí, akọ̀ròyìn lè sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, kí alásọyé gba àga lálẹ́, láìsí pé ohunkóhun yí padà lójú òǹwòran. Bí ẹni náà bá ń sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ibi tó ti sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́, ìròyìn ni. Bó bá ń sọ bó ṣe yẹ kí inú bí yín tó, èrò ọkàn tirẹ̀ ni. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ lọ sórí C-SPAN, tó ti ń fi ìjókòó Ilé Aṣojú hàn láti ọdún 1979 láìgé e, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́.

Ní àsìkò ìbò, ẹ tẹ́tí sí ìparí ìpolówó. Òfin ọdún 2002 pàṣẹ pé kí olùdíje fún ipò ìjọba àpapọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ pé òun fọwọ́ sí ìpolówó tòun. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn yẹn, ẹgbẹ́ mìíràn ló sanwó rẹ̀, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti pọ̀ sí i láti ìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Citizens United ní ọdún 2010, tó gba àwọn ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ láyè láti máa dá ná owó tó bá wù wọ́n lórí ìbò. Lórí ìkànnì FCC, ẹ lè wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìlú yín, kí ẹ sì rí ẹni tó ra àyè ìpolówó òṣèlú níbẹ̀ àti iye tó san. Ẹnikẹ́ni ló lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti fóònù kò gba àlàyé púpọ̀: ohun tí ẹ bá pẹ́ lórí rẹ̀ ni Facebook, YouTube àti TikTok yóò tún gbé wá. Bí wọ́n bá fi fídíò kékeré nípa Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹbí yín, ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n yà á àti odindi rẹ̀ kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ kò bá rí méjèèjì, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.