Bí A Ṣe Ń Kọ́ Akọ̀ròyìn Lórí WhatsApp Níbi Tí Nẹ́tíwọ̀kì Kò Ti Dúró

Ẹ gbàgbé Zoom. Kíláàsì onífídíò wákàtí kan lè jẹ dátà tó ju 800MB lọ. Akọ̀ròyìn rédíò tó wà ní Kìṣí tàbí Ìgbòho, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, kò ní bá yín dé ìdajì. Orí WhatsApp ni kí ẹ gbé e sí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀kọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, èèyàn 20 péré.

Gúrúùpù méjì ni kí ẹ ṣí. Ọ̀kan, olùkọ́ nìkan ló ń fi nǹkan síbẹ̀. Èkejì, kí tẹrú tọmọ máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dà á pọ̀, “ẹ káàárọ̀” àti àdúrà Jímọ́ á bo ẹ̀kọ́ mọ́lẹ̀.

Gbígba ohùn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ má fi máìkì inú WhatsApp gbà á. Bí ìpè bá wọlé pẹ́nrẹ́n, ó lè gé e, ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹ ti ṣì í sọ gé kúrò. Áàpù tí fóònù fúnra rẹ̀ fi ń gbohùn sílẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ pa fáànù, ẹ jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kí ẹnu yín sì jìnnà sí fóònù bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kò sí sítúdíò? Ẹ wọ inú mọ́tò tó dúró, kí ẹ gbé gíláàsì rẹ̀ sókè.

Kí ohùn kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta á tó 16MB. Ẹ yí i sí MP3, ìyẹn fáìlì ohùn tí a fún pọ̀, ní mono 64kbps, kò ní ju 1.5MB lọ. Ẹ fún un lórúkọ tó ní nọ́ńbà, “01_Ifọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò”, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ bíi document (ẹ tẹ “Document” níbi tí WhatsApp ti ń so fáìlì mọ́ ìfìránṣẹ́). Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí ohùn lásán, orúkọ náà lè yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì ní mọ èyí tó ṣáájú. Ẹ kọ ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì lè dáunlóòdù.

Iṣẹ́ àṣetiléwá náà lẹ́wu. Bí ẹ bá ní kí wọ́n kọ ìròyìn lórí ètò ọrọ̀ ajé, ṣe ni wọ́n á lọ dà á kọ. Ẹ béèrè ohun tí kò sí níbòmíràn: iye tí wọ́n ń ta kóńgò gàrí lọ́jà ìlú wọn lọ́sẹ̀ yìí àti lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn èèyàn méjì, ìṣẹ́jú kan. Ẹ gba ohùn tí wọn ò tíì gé pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ya fọ́tò, bíi document ni kí wọ́n fi òun náà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á á ti parẹ́ lára rẹ̀.

Ìkọ̀kọ̀ ni kí ẹ ti tún iṣẹ́ wọn ṣe, kì í ṣe inú gúrúùpù. Àgbà oníròyìn tí ẹ bá bá wí níṣojú àwọn ọmọdé ò ní fèsì mọ́. Ẹ sọ ìṣẹ́jú-àáyá tí àṣìṣe wà, àṣìṣe méjì péré lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má san owó dátà lápapọ̀ níbẹ̀rẹ̀. 1GB lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti wọlé, kí ẹ sì kọ́kọ́ béèrè nẹ́tíwọ̀kì tó ń mú ní ìlú oníkálukú.