Ewì Àfojúwò: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ewì àfojúwò ni ewì tí bí ọ̀rọ̀ ṣe tò lójú ìwé wà lára ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ ọ́ ní Yorùbá kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán igi, kó wá máa ki ọ̀rọ̀ bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń ki àgbàdo sápò. Nínú ewì òjò Guillaume Apollinaire, akéwì ilẹ̀ Faransé, tó wà nínú ìwé rẹ̀ ti 1918, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń kán wálẹ̀ lójú ìwé. Òǹkàwé á rọra tẹ̀ lé e ni, tó bá fẹ́ tó bá kọ̀. Iṣẹ́ tí ìrísí ń ṣe nìyẹn. Ẹ tẹ ewì yín ní ìlà gbọọrọ wò. Bí nǹkan kan kò bá sọnù, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ewì náà ṣì ni.

Ẹ má dí àlàfo tó ń sọ̀rọ̀. Eugen Gomringer, akéwì tí wọ́n bí ní Bolivia, kọ "silencio", ìyẹn ìdákẹ́jẹ́ lédè Spéènì, ní ìgbà 14 lórí ìlà 5, ó sì fi àárín gbùngbùn sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo yẹn gan-an ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tó bá fara wé e, tó wá ya àwòrán ẹnu tó pa dé síbẹ̀, ariwo ló gbé wọlé.

Àmì ohùn ni wọ́n sábà máa ń yọ, wọ́n ní ó ń da ìrísí rú. Ẹ wo èyí:

igba
igbá
igbà
ìgbà

Òǹkà ni ti àkọ́kọ́, ìkejì ni a fi ń bu omi, ìkẹta ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, ìkẹrin ò dúró de ẹnì kan. Ẹ yọ àmì, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin ló kù.

Lóòótọ́, àmì máa ń bá kọ̀ǹpútà jà. Lẹ́tà ẹ́ kì í ṣe ẹyọ kan nínú rẹ̀: ẹ ni, a wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì (ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) tí kò mọ̀ ọ́n á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí kékeré rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ́, ọ̀, ṣ àti ǹ wò. Bí ìwọ̀n lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà bá jẹ́ póìǹtì 14, ẹ fún ìlà ní póìǹtì 20 ó kéré tán, kí àmì abẹ́ ìlà òkè má kọlu àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ àlàfo lẹ ń fi to ọ̀rọ̀, ẹ lo fọ́ǹtì tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba. PDF ni kí ẹ gbé lọ sílé ìtẹ̀wé, torí kọ̀ǹpútà wọn lè má ní fọ́ǹtì yín.

Ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń fín igbá, ewì lè yí igbá ká kó má ní ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn kan á fi lẹ́tà ńláńlá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn á wá fún pọ̀ bí èrò ọjọ́ ọjà Àkẹ̀sán. Ẹ fi okùn wọn ìyípo igbá. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, tí lẹ́tà pẹ̀lú àlàfo sì jẹ́ 24, 2.5 ni ti ẹyọ kọ̀ọ̀kan (gb gba àyè méjì o). Ẹ fi pẹ́ńsù kọ gbogbo rẹ̀ tán, kí ẹ sì fi àyè àmì sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ kí ọnà míì tó gbà á. Tí ọ̀bẹ bá ti sọ ọkọ̀ di ọkọ́, kò sí ìparẹ́ tó lè mú un padà.