Bí ìkéde kò bá jáde nínú server Minecraft yín, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ẹ má tíì yọ plugin yẹn kúrò o, ìyẹn ètò kékeré tí a fi kún server kó lè máa gbé ìkéde jáde. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn nìyẹn: ìkéde kò jáde, a pa plugin rẹ́, a wá òmíràn, ìyẹn náà yadi, a tún pa á rẹ́. Nínú server tí èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò wa ń lò ní Ṣómólú, ẹ̀ẹ̀mẹta la pààrọ̀ plugin ìkéde lọ́jọ́ Sátidé kan. Ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń dà kọ láti inú ọ̀kan sí èkejì, àṣé inú ọ̀rọ̀ tí à ń dà kọ yẹn gan-an ni àléébù wà.

Ká ní a ti ṣí logs/latest.log, fáìlì tí server ń kọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, láti àárọ̀ ni, à bá ti rí i. Ibẹ̀ ló wà gbọọrọ: "found character '\t(TAB)' that cannot start any token", pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ti tẹ Tab níwájú ọ̀rọ̀ nínú config.yml, fáìlì tí a ń kọ ìkéde àti ètò plugin sí. YAML, ìlànà tí wọ́n fi ń kọ irú fáìlì yìí, kì í gba Tab fún títi ọ̀rọ̀ sínú. Àlàfo lásán ló fẹ́. Bí plugin kò bá ti rí fáìlì rẹ̀ kà, kò ní nǹkan tí yóò sọ. Lójú, Tab àti àlàfo jọra bí ìbejì, ìdí nìyẹn tí wíwo fáìlì lásán kò fi lè ràn yín lọ́wọ́. Log ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Àmì & náà ń da àwọn èèyàn láàmú. A máa ń kọ &a kí ọ̀rọ̀ lè ní àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun ló ṣíwájú, tí ẹ kò sì fi "" yí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ká, YAML á rò pé nǹkan tiẹ̀ ni, á gbé e mì. Bákan náà ni # tí àlàfo bá ṣáájú rẹ̀: gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e di àlàyé tí server kò ní kà. Bó bá sì jẹ́ MiniMessage, ọ̀nà míì tí a ń gbà kọ àwọ̀ sínú ọ̀rọ̀, ni plugin yín ń lò, &a kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá; <green> ni kí ẹ kọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àmì ohùn. Bí "Ẹ káàbọ̀" bá jáde bíi "? káàb??", ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọ gbogbo àmì kúrò, wọ́n á kọ "E kaabo", wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó o. Ibi díẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tó ń gbá géèmù yìí ti ń rí Yorùbá tí a kọ dáadáa lójú kọ̀ǹpútà; ẹ má gba èyí lọ́wọ́ wọn nítorí ohun tí ẹ lè tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wo ohun tó jáde dáadáa, torí oríṣi méjì ni. Bó bá jẹ́ ? ló dúró nípò Ẹ nínú fáìlì fúnra rẹ̀, ẹ ti fi ANSI, ìlànà lẹ́tà àtijọ́ ti Windows tí kò ní Ẹ, tọ́jú fáìlì náà, lẹ́tà yẹn sì ti sọnù pátápátá. Ẹ tún un kọ, kí ẹ sì yan UTF-8, èyí tó gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá, nígbà tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ áº¸ ló jáde, ẹ fọkàn balẹ̀: fáìlì yín pé, ohun tó ń kà á ni kò mọ̀ ọ́n kà. Java ni ohun tó ń gbé server ṣiṣẹ́, èyí tó ṣáájú 18 sì máa ń tẹ̀ lé ìlànà lẹ́tà ti Windows. Ẹ fi -Dfile.encoding=UTF-8 sí ìlà tí ẹ fi ń gbé server dìde. Láti orí Java 18, tó jáde ní 2022, UTF-8 ló ń lò láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Ẹ má sì fi ojú dúdú console, ibi tí ẹ ti ń tẹ àṣẹ fún server, ṣe ẹlẹ́rìí, torí òun náà lè ṣi lẹ́tà kà. Inú géèmù ni kí ẹ ti wò ó.

Ọ̀rọ̀ àkókò wá ńkọ́? Tick ni server fi ń ka àkókò, tick 20 ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá kọ 300 sínú runTaskTimer, àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ ṣe lóòrèkóòrè nínú kóòdù plugin, tó rò pé ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ìṣẹ́jú àáyá 15-15 ni ìkéde rẹ̀ á máa jáde. 6000 ni ìṣẹ́jú márùn-ún. A ṣe é rí: "Ẹ má ba ilé ẹlòmíràn jẹ́" bo chat títí àwọn ọmọ kò fi rí ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Bí ìkéde bá sì ń jáde ní méjì-méjì, ẹ yẹ àṣẹ reload tí ẹ kọ fún plugin yín wò. Ó lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun láìdá ti àtijọ́ dúró.

Ẹ má tún config.yml ṣe nígbà tí server ń ṣiṣẹ́. Plugin míì wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti ń pa server, ohun tó wà lórí tirẹ̀ ló máa kọ padà sínú fáìlì, àtúnṣe yín á sì bá a lọ. Ìgbà tí NEPA bá mú iná ni èmi máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí laptop, torí server ti kú nígbà náà. Ẹ má sì fi jar àtijọ́, ìyẹn fáìlì plugin fúnra rẹ̀, sílẹ̀ nínú fódà plugins lẹ́yìn tí ẹ bá gbé tuntun sí i: "Ambiguous plugin name" ni ẹ máa rí nínú log, ìyẹn ni pé plugin méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà, ó sì lè jẹ́ ti àtijọ́ ni server máa gbé.

Kí ẹ tó dá server lẹ́bi rárá, ẹ bi àwọn yòókù léèrè bóyá wọ́n rí ìkéde náà. Ẹ tẹ say nínú console, kí ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé e. Bí èyí bá dé ojú gbogbo èèyàn, ọ̀nà mọ́, plugin ni kí ẹ lọ bá. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí i, orí ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Ọmọ kan láti Bàrígà ní òun kò rí ìkéde kankan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, a sì ti fẹ́ tún kóòdù kọ nítorí rẹ̀. Mo ní kó ṣí Options, kó wọ Chat Settings, kó ka ohun tó wà níwájú Chat sí mi létí.

"Ẹ̀gbọ́n, Hidden ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ títí tó fi máa di Shown.