Ológbò Tó Ní Àtọ̀gbẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Máa Ṣọ́, àti Bí Ẹ Ó Ṣe Máa Gún Un Lábẹ́rẹ́

Ṣúgà tó ga fún ọjọ́ kan kì í sábà pa ológbò. Èyí tó já wálẹ̀ nítorí pé wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ínsúlínì, òògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lè pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí kò bá dá yín lójú, ẹ má gún un.

Omi ló sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn náà. Ológbò tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mumi á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìwẹ̀, á máa lá omi tó ń kán lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ike oúnjẹ ọmọ tó ní àmì mílílítà wọn omi sínú abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ sì wọn èyí tó kù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ológbò tó wọn kílò 4 tó ń mu ju mílílítà 400 lọ lójúmọ́ ti kọjá ààlà. Bí ológbò bá ju ẹyọ kan lọ nílé, ẹ ya eléyìí sọ́tọ̀ fún ọjọ́ náà, kí ẹ lè mọ ẹni tó mu ún.

Bí omi ṣe ń wọlé ni ìtọ̀ ń jáde. Iyanrìn inú àpótí rẹ̀ á máa dì ní ìṣù ńláńlá, tàbí kó máa tọ̀ síbi tí kì í tọ̀ sí. Bí èèrà bá ń ṣù bo ibi tó tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé, ìyẹn ò tó láti sọ pé àtọ̀gbẹ ni, àmọ́ ó tó láti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Tó bá ń jẹun gan-an tó sì ń rù, tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn sọ́wọ́, ẹ má fi falẹ̀. Láti wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e dání kí ẹ gun ìwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ ìwọ̀n tiyín kúrò.

Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Orí ìka ni ológbò tí ara rẹ̀ le fi ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń wà lókè. Tí ṣúgà bá ti ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, gìgísẹ̀ á wálẹ̀, á máa fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bíi ti ehoro. Kò ní lè fò gun ojú fèrèsé mọ́. Àwọn kan kì í lá ara wọn mọ́, irun wọn á wá rí gbuuru. Akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ti ju ọdún 7 lọ ló wọ́pọ̀ jù láàárín wọn, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti ń fún ní prednisolone, òògùn tó máa ń gbé ṣúgà ga, fún ìgbà pípẹ́ nítorí ara yíyún.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí: akọ tó ń lọ tó ń bọ̀ sídìí àpótí, tó ń tiraka láti tọ̀, tí nǹkan kan ò sì jáde. Ibi tí ìtọ̀ ń gbà ló dí yẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ̀rù nìkan lè gbé ṣúgà ológbò ga. Èyí tí wọ́n dì sínú àpò lórí ọ̀kadà, tó gba Ọláìyá ní Òṣogbo kọjá láàárín ariwo ọkọ̀, lè ní ṣúgà tó ga láìní àtọ̀gbẹ rárá. Ẹ ní kí wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún fructosamine, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn hàn. Kí wọ́n wo kíndìnrín náà, torí òun náà máa ń fa omi mímu. Dókítà tó mọ adìẹ àti ajá lámọ̀dunjú lè má tíì tọ́jú ológbò alátọ̀gbẹ rí. Kò sí àbùkù nínú kí ẹ bi í. Tí kò bá dá a lójú, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà jù sí Òṣogbo.

Ínsúlínì glargine tí àwọn èèyàn ń lò náà ni dókítà púpọ̀ ń kọ fún ológbò. Yúnítì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ínsúlínì) 1 ní wákàtí 12-12 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń fi kún un, kì í ṣe ẹ̀yin. Aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ rọrùn fún ọ̀pọ̀ ilé, torí ará ilé á ti dé.

Síríńjì ló máa ń kó bá èèyàn jù. Ínsúlínì U-100 (èyí tí yúnítì 100 wà nínú mílílítà rẹ̀ kan) gbọ́dọ̀ ní síríńjì U-100, U-40 (yúnítì 40 nínú mílílítà kan) gbọ́dọ̀ ní ti U-40. Bí ẹ bá fi síríńjì U-40 fa U-100 dé àmì 2, yúnítì 5 lẹ fà yẹn, ó sì lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹ ra èyí tó jẹ́ 0.3 mílílítà, tó ní àmì ìdajì yúnítì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ iná. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná ọba gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ àwa náà ń tan jẹnẹrétọ̀. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí ínsúlínì wà, ní àárín fíríìjì, kì í ṣe lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tí iná bá lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ lo kúlà, àmọ́ ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì wé yìnyín kó má fara kan ìgò òògùn. Ínsúlínì tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà kó tún yọ́ padà. Glargine gbọ́dọ̀ mọ́ kedere bí omi. Tó bá ti rú, ẹ dà á nù. Ẹ má mì ín.

Oúnjẹ ló ń ṣíwájú abẹ́rẹ́. Ẹ dúró kí ẹ rí i pé ó jẹ ó kéré tán ìdajì. Tó bá kọ oúnjẹ tàbí tó bì, ẹ má gún un, ẹ pe dókítà. Tó bá jẹun, ẹ fi ìka méjì gbé awọ ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀ sókè kó dà bí àgọ́, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ìdí àgọ́ náà, kí ẹ sì tì í wọlé pẹ̀lẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irun ibẹ̀ lẹ́yìn náà. Tó bá tutù, òògùn ti dà síta. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di àsìkò tó kàn. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gún.

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì. Ẹni tó bá gún un kọ aago, iye yúnítì àti orúkọ rẹ̀ kó tó ju síríńjì nù. Màmá gún un, ọmọ dé, òun náà gún un: bí ìlọ́po méjì ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn, pàápàá lásìkò ọdún Ọ̀ṣun tí àlejò kún ilé.

Tí ṣúgà bá já wálẹ̀, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa wá oúnjẹ kiri tàbí kó kàn ranjú mọ́ ibì kan. Nígbà míì gìrì á mú un. Ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò tó ń pariwo àjẹ́ dá yín dúró. Ẹ fi oyin tàbí gúlúkóòsì tí ẹ fi omi díẹ̀ pò, bíi ṣíbí tíì kan, pa èrìgì rẹ̀. Ẹ má da nǹkan sí i lọ́nà ọ̀fun nígbà tí gìrì bá ń mú un, kó má bàa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì ṣọ́ra kó má gé yín níka jẹ. Tó bá ti lè gbé mì, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti balẹ̀, torí oyin á tán lára kí ínsúlínì tó tán.

Ẹ̀rọ tí èèyàn fi ń yẹ ṣúgà máa ń ka ti ológbò sílẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ rọ̀ mọ́ ẹyọ kan ṣoṣo kí ẹ lè fi ti àná wé tòní. Etí ni kí ẹ ti gba ẹ̀jẹ̀: ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ ní bèbè. Tó bá wà lábẹ́ 150 mg/dL kí ẹ tó gún un, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pe dókítà. Lábẹ́ 60, oúnjẹ tàbí oyin kíá.

Ẹran ni oúnjẹ ológbò. Ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì kúrò níbẹ̀, oúnjẹ ológbò gbígbẹ inú páálí náà sì sábà ní sítáàṣì púpọ̀. Inú agolo ló dára jù tí owó bá gbà á. Bí kò bá gbà á, adìẹ bíbọ̀, ọkàn adìẹ, ẹyin àti ẹja tútù láìsí iyọ̀, ata tàbí Maggi. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, kó má dé ibẹ̀ rárá. Ẹran nìkan kò ní kálísíọ́ọ̀mù tó, ẹ bi dókítà ohun tí ẹ ó fi kún un. Kí ẹ sì sọ fún un kí ẹ tó yí oúnjẹ padà, torí bí sítáàṣì bá dín kù, ínsúlínì àná lè pọ̀ jù lónìí. Ẹ má fún un ní àgbo tàbí oògùn àtọ̀gbẹ bàbá yín. Paracetamol ẹyọ kan lè pa á.

Tí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tó ń bì, tí kò jẹun, tàbí tí sítírípù tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì fi ketone (èròjà tó ń jáde nígbà tí ara bá ń jó ọ̀rá dípò ṣúgà) hàn nínú ìtọ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn ológbò kan wà tí ara wọn ń padà bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀, pàápàá tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ ó rí i pé ṣúgà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye yúnítì ò yí padà. Dókítà ni kó máa dín ín kù díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá dúró, ẹ máa fi sítírípù yẹ ìtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa rán ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ prednisolone fún un létí pé ó ti ní àtọ̀gbẹ rí.