Bí ẹni yín tó wà lókè òkun bá ní "ara mi ń gbóná"

Ìtòsí ọjà obì ní Sábó, Ṣàgámù, ni yàrá iṣẹ́ mi wà. Psychologist ni mí: n kì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ ni èmi àti ẹni tó wá máa ń jókòó tú palẹ̀ títí a ó fi mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ará Rẹ́mọ tó wà nílé nìkan ló ń wá. Lónìí, ìyá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n àwọn tó jápa ló pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa ń wò, torí náà n kì í tọ́jú ẹni tó wà níbẹ̀ látorí fóònù. Ará ilé rẹ̀ tó wà níhìn-ín ni mo máa ń kọ́. Ẹ̀yin yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi ló mú mi dé ìdí rẹ̀. Ó lọ sí Leeds lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ní Dìsẹ́ḿbà ọdún tó kọ́kọ́ lò níbẹ̀, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í lù kí ilẹ̀ tó ṣú, ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ń gbóná. Ó dà bíi pé nǹkan ń rìn lórí mi." Mo ní kó lo parasitamọ́ọ̀lù, kó sì máa mu omi dáadáa. Èmi tí mo kàwé yìí ní Ìbàdàn, tí mo sì kọ́ṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ti ń sọ gbólóhùn yẹn gan-an fún wa lójoojúmọ́! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ló pè mí pé kì í jáde ní yàrá mọ́. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo fún un lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí.

Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn: ẹ fetí sí ara. Yorùbá kì í sábà sọ pé ìbànújẹ́ ń ṣe òun. A máa ń ní orí ń gbóná, àyà ń já, oorun kò kun ojú. Dókítà òyìnbó tó bá gbọ́ pé ara ń gbóná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ibà ló máa mú. Bí kò bá rí ibà, ó tán. Torí náà, kí ẹni yín tó lọ rí dókítà, ẹ bá a tò ó sílẹ̀: wákàtí mélòó ló ń sùn, ṣé oúnjẹ ṣì ń wọ̀ ọ́, ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn ṣì ń dùn mọ́ ọn, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ. Ní England, kò pọn dandan kí dókítà kọ ìwé kó tó lè bá onímọ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní NHS Talking Therapies, ètò ìjọba tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè béèrè ògbufọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa gbọ́. Dókítà kì í gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ọ̀gá rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ewu bá wọ̀ ọ́.

Ẹ má béèrè "Ṣé dáadáa ni?" "A dúpẹ́" ló máa dáhùn, ìdáhùn yẹn kò sì sọ nǹkan kan. Màmá kan ní Ìperu ní ọmọ ní Houston. Mo ní kí wọ́n bi í pé, "Kí lo jẹ lánàá?" Ọmọ ní búrẹ́dì. Ìjẹta ńkọ́? Búrẹ́dì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé gaàrí Ìjẹ̀bú tí mo dì fún ọ ṣì wà? Lọ bù ú." Àwọn náà bu tiwọn. Ìyá gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n da omi tútù sí i, wọ́n ju ẹ̀pà sí i, ni wọ́n bá jọ ń mu ún. Màmá ní àwọn ń gbọ́ ìró ṣíbí ọmọ nínú abọ́, pé àwọn méjèèjì kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìgbà tí gaàrí tán lọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, tó wá sọ bó ṣe ń ṣe é. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń pè é: aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston nígbà ooru, mẹ́ta nígbà òtútù. Ẹ mọ aago ẹni yín kí ẹ tó pè é.

Ọ̀rọ̀ owó ṣòro, àgàgà láàárín àwa Ìjẹ̀bú tí Ojúde Ọba kì í dé kí aṣọ ẹgbẹ́ má dé. Ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹbí ni kó máa kó ìbéèrè owó jọ. Kí ìpè kan sì wà lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ owó níbẹ̀. Ẹ má sì bi òṣìṣẹ́ ìtọ́jú pé kí ló dé tí kò tíì mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà irú iṣẹ́ yẹn mú aya tàbí ọmọ dání. Yàrá òfìfo ló ń padà sí lálaalẹ́.

Bó bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọ̀dọ̀ àlùfáà, ẹ má bá a jà. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í lo abúlé ní Arò: nígbà náà, aláìsàn ń gbé àárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ ń se oúnjẹ fún un, ó sì ń gba ìtọ́jú òyìnbó. Babaláwo àti oníṣègùn wà lára àwọn tí Dókítà bá ṣiṣẹ́.

Èyí tó ń ba yín lẹ́rù jù, ẹ béèrè é gbangba: "Ṣé ó ti ń ṣe ọ́ bíi kí o kú? Ṣé o ti ro bí o ṣe máa ṣe é?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí èèyàn lórí. Ìtura ló máa ń jẹ́ pé ẹnìkan ti dárúkọ rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má pa fóònù. Kí ẹlòmíràn nínú ilé fi fóònù mìíràn pe ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ní England, 111 ni, kó wá tẹ 2. 999 ni bí ewu bá ti dé tán. Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ayé sú, wà lórí 116 123 tọ̀sán-tòru. Amẹ́ríkà àti Kánádà, 988 ni. Ẹ kò lè pe 999 wọn láti Ṣàgámù, ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n jọ ń gbé fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín kí ọ̀rọ̀ tó dé ojú ẹ̀.

Tèmi wà lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àbúrò mi kó kúrò ní ilé àkọ́kọ́ lóṣù tó kọjá. Mo ti fa igi lé àdírẹ́sì àtijọ́, mo sì ti kọ tuntun sísàlẹ̀ rẹ̀.