Maṣíìnì Tí Ṣéńjì Tán Nínú Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Fún Ará Òṣogbo Tó Ń Lọ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti wọ kòròpé láti Ọláìyá lọ sí Ìgbọ̀nà rí mọ ohun tí dírẹ́bà ń ṣe bí ṣéńjì bá tán: á na ẹgbẹ̀rún náírà kan sí èrò méjì, á ní kí wọ́n lọ pín in bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Vending machine, ìyẹn maṣíìnì tó ń ta mínírà àti ìpápánu ní Amẹ́ríkà láìsí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀, kò lè so èèyàn méjì pọ̀. Bí ṣéńjì inú rẹ̀ bá tán, iná kékeré kan á tàn, á ní iye tó pé géérégé ni kí oníbàárà mú wá. Oníbàárà á wo iná náà, á wo owó ọwọ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ọjà kún inú maṣíìnì, ó tutù dáadáa, kò sì tà.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé àwọn ọmọ wa tó ń kúrò ní Òṣogbo lọ sí Texas, Georgia àti Maryland ń bá iṣẹ́ yìí pàdé. Àwọn kan á gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọjà sínú maṣíìnì káàkiri, wọ́n á gbé ọkọ̀ àti ìdì kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́. Àwọn mìíràn á ra àlòkù kan, wọ́n á gbé e sí ilé ìfọṣọ tàbí ilé mẹkáníìkì. Nípa ọjà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: kí ni kí n kó sínú rẹ̀, èló ni kí n tà á? Ẹnikẹ́ni kì í béèrè nípa àpótí gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tó ń gba owó ẹyọ tó sì ń san ṣéńjì. Changer ni orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà tún máa ń pè é ní coin mech. Lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ gan-an. Ọjà kíkó kò ṣòro.

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ tí wọ́n bí ní Òṣogbo lẹ́yìn ọdún 2000 lè má fi owó ẹyọ ra ohunkóhun rí. CBN gbé náírà kan, náírà méjì àti àádọ́ta kọ́bọ̀ onírin jáde ní 2007, ṣùgbọ́n ta ló fi ra ata rí ní Ọjà Ọba? Ní Amẹ́ríkà, owó ẹyọ mẹ́ta ló kan yín jù: nickel tó jẹ́ sẹ́ǹtì 5, dime tó jẹ́ sẹ́ǹtì 10, àti quarter tó jẹ́ sẹ́ǹtì 25. Ẹ fi penny sílẹ̀, maṣíìnì kì í gbà á, ìjọba wọn pàápàá ti dáwọ́ títẹ̀ ẹ́ fún ìná dúró ní 2025. Ibi tó ń ru ẹni tuntun lójú ni pé dime kéré ju nickel lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlọ́po méjì rẹ̀ ló jẹ́. Dime fẹ̀ tó mìlímítà 17.9, nickel fẹ̀ tó 21.2. Ẹ má sì wá nọ́ńbà iye wọn lára wọn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́ sí i. Ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, kí ẹ máa fi ìka mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kí ẹ tó dé ìdí maṣíìnì kankan.

Bí owó bá wọ ẹnu maṣíìnì, á yí gba orí ọ̀nà tóóró kan tó dagun. Kọ́ìlì wáyà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, iná ń gbà wọ́n kọjá, irin kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe máa ń da iná yẹn rú, bí irin náà bá ṣe jẹ́, bó ṣe nípọn sí, bó ṣe fẹ̀ sí. Changer á fi ohun tó rí wé èyí tí wọ́n ti kọ́ ọ. Bó bá bára mu, á gbà á, bí kò bá bára mu, á dà á padà sí ihò ìsàlẹ̀. Kò mọ̀wé kà, kò wo àwòrán orí owó. Ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń kọ quarter àtijọ́. Èyí tí wọ́n tẹ̀ títí di 1964, ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ fàdákà, láti 1965 ni wọ́n ti yí i padà sí bàbà tí wọ́n fi àdàlù bàbà àti irin tó ń jẹ́ nickel bò. Nítorí náà, bí maṣíìnì bá kọ quarter kan léraléra, ẹ wo ọdún ara rẹ̀ kí ẹ tó fi ra búrẹ́dì. Fàdákà inú rẹ̀ nìkan ju sẹ́ǹtì 25 lọ fíìfíì.

Owó tí changer bá gbà á bọ́ sínú túùbù. Nickel ní tirẹ̀, dime ní tirẹ̀, quarter sì sábà máa ń ní ju ẹyọ kan lọ. Láti ìsàlẹ̀ túùbù yìí ni ṣéńjì ti ń jáde. Ìgbà tí túùbù bá kún ni owó tó bá tún wọlé tó ń lọ sínú àpótí owó nísàlẹ̀ maṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí: owó inú àpótí ni kí ẹ kó lọ sílé, ti inú túùbù kì í ṣe owó yín láti ná. Ẹni tuntun á ṣílẹ̀kùn, á rí quarter tó ń dán gbinrin nínú túùbù, á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ kejì, maṣíìnì rẹ̀ ò lè tajà mọ́.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Ẹ ń ta mínírà ní dọ́là 1.25. Ẹnì kan ki bébà dọ́là 5 bọ̀ ọ́, ṣéńjì rẹ̀ jẹ́ 3.75, ìyẹn quarter 15. Bí èèyàn mẹ́rin bá ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀léra wọn, quarter 60 ti jáde, bóyá ni ẹ̀karùn-ún á rí ṣéńjì gbà. Bí maṣíìnì bá jẹ́ kékeré, ẹ sọ fún un nínú ètò rẹ̀ kó má gba bébà tó ju dọ́là 1 lọ. Ẹ sì jẹ́ kí iye ọjà yín parí sí 00, 25, 50 tàbí 75. Ẹni tó bá fi iye ọjà sí 1.35 torí pé èrè díẹ̀ ń wù ú ti ra wàhálà: ẹni tó bá fi dọ́là 2 rà á máa gba sẹ́ǹtì 65, quarter méjì, dime kan, nickel kan. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí nickel tán pátápátá, kódà bí gbogbo iye ọjà yín bá jẹ́ ti quarter. Ọ̀pọ̀ maṣíìnì ló jẹ́ pé túùbù nickel ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tan iná àìsí ṣéńjì yẹn.

Báńkì ni ẹ ti máa gba owó ẹyọ. Róòlù ni wọ́n máa ń dì í: quarter 40 jẹ́ dọ́là 10, dime 50 jẹ́ dọ́là 5, nickel 40 jẹ́ dọ́là 2. Ọ̀nà méjì ló wà láti kó o sínú changer. Ẹ lè ṣílẹ̀kùn, kí ẹ máa jù ú sí ẹnu rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ á kà á, á pín in sí túùbù tó yẹ. Ẹ sì lè fi ọwọ́ tò ó sínú túùbù. Ti ọwọ́ yá ju ti ẹnu lọ, ṣùgbọ́n ti ẹnu ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí dime kan bá ṣèèṣì wọ túùbù nickel, á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó wà lórí rẹ̀ á wọ́, nígbà tó bá yá ọ̀kan á dúró lóòró, kò sí ohun tó máa jáde mọ́. Bó bá sì jáde, sẹ́ǹtì 10 lẹ fún ẹni tó yẹ kó gba 5. Ẹ má kún túùbù dé ẹnu, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè.

Mo ní changer àlòkù kan tí mo gbé wálé, ó wà lórí tábìlì ọ̀rẹ́ mi tó ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Fìà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró de físà máa ń wá tú u wò. Ọ̀kan nínú wọn ṣí ọ̀nà tí owó ń gbà, ó rí i bí mínírà ti gbẹ mọ́ ọn, tó dúdú, tó ń lẹ̀ mọ́ ìka. Ó na ọwọ́ sí agolo WD-40 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fín nǹkan yìí sí i, á yọ̀ dáadáa." Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Òróró kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀ láéláé. Á fa eruku mọ́ra, àárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni á di ẹrẹ̀, bí owó ṣe ń yára kọjá níwájú kọ́ìlì á sì yí padà, changer á wá máa kọ owó gidi. Aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ní ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fún un dáadáa, kí ẹ fi nu ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Spirit funfun tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, èyí tí wọ́n ń pè ní isopropyl, náà dára. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, ẹ má fi sàǹdípépà gbo ó. Ẹ nu ojú kéékèèké tó ń wo inú túùbù pẹ̀lú, torí bí eruku bá bò ó, changer á rò pé túùbù kún nígbà tó ṣófo. Kó gbẹ tán kí ẹ tó dá iná padà.

Nípa iná: ẹ pa maṣíìnì kí ẹ tó yọ púlọ́ọ̀gì changer, kí ẹ sì tún jẹ́ kó wà ní pípa nígbà tí ẹ bá ń kì í padà. Bí ẹ bá sì ń ra àlòkù, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá MDB ni. MDB ni ìlànà tí maṣíìnì àti changer fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, NAMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi maṣíìnì tajà ní Amẹ́ríkà, ló ń tẹ̀ ẹ́ jáde, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní àyè ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀rọ tó gba káàdì náà, okùn yìí kan náà ló ń lò. Changer ìgbà láéláé ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò ní bá maṣíìnì MDB ṣe pọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ̀kú tó.

Ẹni tó bá ń lọ Ìlú Ọba ní ìbéèrè kan láti fi kún un: ṣé wọ́n ti kọ́ changer náà ní owó tuntun? Pọ́n-ùn onígun méjìlá wọ ọjà ní oṣù kẹta ọdún 2017, olóbìírí àtijọ́ sì kúrò ní ìná ní 15 oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Changer tí wọn ò bá tún kọ́ kò mọ pọ́n-ùn rí. Ní Kánádà, penny ti lọ láti 2013, owó ẹyọ dọ́là 1 àti 2 ló gbòde níbẹ̀.

Bí changer bá ń kọ gbogbo owó, ẹ má tíì pe oníṣẹ́. Ẹ wo ọwọ́ ìdápadà tí oníbàárà ń tẹ̀: bó bá há, kò padà sí ipò rẹ̀, ọ̀nà á wà ní ṣíṣí, gbogbo owó á máa bọ́ padà. Ẹ wo bóyá ìdérí ọ̀nà owó pa dé dáadáa. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì. Bó bá ń gba owó ṣùgbọ́n tí kò san ṣéńjì, ẹ yọ àpò túùbù, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, owó tó tẹ̀ kọrọdọ ló sábà máa ń há síbẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó gbẹ mọ́ ọn tí irin sì ń dípẹtà, ẹnì kan ti da omi iyọ̀ sí ẹnu rẹ̀. Ọgbọ́n olè àtijọ́ ni, wọ́n fẹ́ kí iná inú rẹ̀ dàrú kó máa pọ owó. Èyí kọjá aṣọ àti ọṣẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ kàn ń rajà náà ńkọ́? Bí maṣíìnì bá gbé owó yín mì, ẹ tẹ ọwọ́ ìdápadà lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo nọ́ńbà fóònù tó wà lára rẹ̀, ẹ pè é. Ẹ má mì í, ẹ má fi èjìká tì í. Ó wúwo ju fíríìjì ilé lọ dáadáa, ó sì ti wó pa èèyàn ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ ìkìlọ̀ alápèjúwe mọ́ ọn. Ẹ̀yin tó ni ín, ẹ kọ nọ́ńbà yín síbẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì dá owó padà láìjiyàn. Owó orí ọjà títà àti ìwé àṣẹ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ bi, ẹ má bi ẹni tí ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí agbára bá ká a, ẹ ra changer kejì, kó máa wà nínú bùùtù mọ́tò. Ní ọjọ́ tí ọ̀kan bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ìkejì rọ́pò rẹ̀, ẹ gbé èyí tó bàjẹ́ lọ sílé, kí ẹ fara balẹ̀ tú u lórí tábìlì. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn maṣíìnì, ẹ fi bébà dọ́là kan àti quarter méjì ra nǹkan kan níbẹ̀, kí ẹ ka ṣéńjì tó bọ́ sílẹ̀.