Bí mo ṣe fi tilt switch ṣe agogo fún táǹkì omi àwọn aládìrẹ l'Óṣogbo

Aládìrẹ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, níhìn-ín l'Óṣogbo. Omi ni iṣẹ́ wọn. Aṣọ tó bá ti inú aró jáde, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á tún un ṣàn, títí omi tó ń kán lára rẹ̀ á fi mọ́. Tí iná bá ti dé, pọ́ǹpù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tàn kí táǹkì orí òpó lè kún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ki ọwọ́ bọ inú aró dé ìgúnpá kò ráyè máa gbójú sókè wo táǹkì. Omi á kún, á máa dà sílẹ̀, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí á di ẹrẹ̀. Ó ń dùn mí, torí omi tó ń ṣòfò yẹn, iná tí wọ́n san owó rẹ̀ ló fà á wá. Mo ní màá ṣe ohun tó máa ké sí wọn tí táǹkì bá kún.

Ohun tí mo lò ni tilt switch, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ̀ bóyá nǹkan ti fì, èyí tí wọ́n ń pè ní SW-520D. Irin kékeré róbótó ni, ó ní ẹsẹ̀ méjì, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ mì í létí, ẹ máa gbọ́ wọn. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, bọ́ọ̀lù á jókòó lé ẹsẹ̀, iná á rí ọ̀nà kọjá. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, bọ́ọ̀lù á yí kúrò, ọ̀nà á gé. Ó tán. Kò lè sọ fún yín pé òun ti fì tó dígírì mélòó, kò sì mọ apá ibi tí òun fì sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kí ó wá MPU6050, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe fì tó. Ìbéèrè kan péré ni tèmi: ṣé omi ti dé ibí yìí àbí kò tíì dé? Mi ò rí ìdí tí mo fi máa náwó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú rẹ̀ àtijọ́ kan wà tó jẹ́ gíláàsì, mẹ́kúrì ló ń ṣàn nínú rẹ̀ dípò bọ́ọ̀lù. Májèlé ni mẹ́kúrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sún mọ́ omi tí ènìyàn ń lò rárá.

Kí n tó so ó mọ́ bọ́ọ̀dù kankan, mo gbé mítà tí a fi ń dán iná wò sí ibi tó máa ń dún tí wáyà bá pé, mo fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Tí ẹsẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, mítà á dún gbọọrọ. Tí mo bá dojú rẹ̀ dé pátápátá, kẹ́kẹ́ á pa. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà. Tí ó bá ti ń sún mọ́ ìdùbúlẹ̀, mítà á máa dún, á máa dákẹ́, á tún dún, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Bọ́ọ̀lù ló ń gbọ̀n lé ẹsẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló pinnu bí mo ṣe kọ kóòdù.

Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, ni bọ́ọ̀dù mi. Ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ kan lọ sí pin 2 (pin ni ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ lára bọ́ọ̀dù), ìkejì lọ sí GND, ibi tí iná ń gbà padà. Èyí tó bá wù yín lẹ lè fi síbi tó bá wù yín, kò sí pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gẹ́tíìfù níbẹ̀. Bọ́sà kékeré, irú èyí tó ń ké fúnra rẹ̀ tí iná bá ti dé ara rẹ̀, lọ sí pin 8 àti GND. Nínú kóòdù, mo fi INPUT_PULLUP sí pin 2. Ohun tó ń ṣe ni pé rẹ̀sísítọ̀ kan, ohun tó ń dín iná kù, wà nínú ṣíìpù fúnra rẹ̀, tí agbára rẹ̀ wà láàárín kíló-ohm 20 sí 50, òun ni yóò máa fa pin náà sókè sí fóòtì (volt) 5. Nítorí náà, tí swíìṣì bá pé, tí iná rí ọ̀nà kọjá, pin á ka LOW, ìyẹn ìsàlẹ̀. Tí ó bá gé, á ka HIGH, ìyẹn òkè. Wáyà tó ti orí òpó wálẹ̀ gùn, pọ́ǹpù sì wà nítòsí, ariwo iná lè gba ara wáyà gígùn wọlé. Mo fi rẹ̀sísítọ̀ kíló-ohm 4.7 kún un láàárín pin 2 àti fóòtì 5 kí pin lè dúró gírígírí. Iná tó ń gba inú sẹ́ńsọ̀ kọjá kò wá ju nǹkan bíi mílíámpù 1 lọ, kò sì ní í ṣe é ní nǹkan kan.

Ó kan inú táǹkì. Mo wá ike oògùn kékeré tí ìdérí rẹ̀ le, mo jó wáyà rírọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀, mo gbé sẹ́ńsọ̀ sínú ike, mo fa wáyà jáde láti ẹnu rẹ̀, mo sì fi sílíkónì dí ẹnu náà. Mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo wá rì í sínú garawa omi mọ́jú. Kò sí ẹ̀kán kan tó wọlé. Nínú táǹkì, mo de wáyà náà mọ́ ọ̀pá ike ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti máa ń dà jáde, mo fi ìwọ̀n ìka méjì ṣẹ́kù kí ike lè ráyè yí. Tí omi bá kéré, ike á fì sísàlẹ̀. Tí omi bá gòkè kọjá ibi tí mo dè é sí, ike á léfòó, ìdí rẹ̀ á dojú kọ òkè.

Mo ronú pẹ́ lórí apá ibi tí ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ máa kọjú sí nínú ike. Mo kọ ẹsẹ̀ náà sí ìdí ike. Tí ike bá ń fì sísàlẹ̀, swíìṣì pé, LOW ni, bọ́sà dákẹ́. Tí omi bá gbé e sókè, ó gé, HIGH ni, bọ́sà ké. Àǹfààní rẹ̀ ni pé tí eku bá jẹ wáyà, tàbí tí ojú ibi tí mo jó bá já, HIGH náà ni pin máa kà, bọ́sà á ké, a ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Agogo tó bàjẹ́ tó sì dákẹ́ burú ju kí agogo má sí lọ, torí ọkàn ẹni ti balẹ̀ lé e.

Fún bọ́tìnnì tí ènìyàn ń tẹ̀, mílísékọ́ǹdù 50 (ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan) ti tó láti dúró kí ìgbọ̀n rẹ̀ rọlẹ̀. Ti táǹkì kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń já láti ẹnu páìpù ń ru gbogbo ojú omi sókè, ike ń jó lórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń sáré síwá sẹ́yìn. Kóòdù mi á wo millis, aago inú bọ́ọ̀dù tó ń ka mílísékọ́ǹdù, nígbà tí HIGH bá kọ́kọ́ dé, á fi àkókò yẹn pamọ́. Tí LOW bá padà dé, á gbàgbé rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àfi tí HIGH bá dúró fún mílísékọ́ǹdù 3000 láìyẹ̀ ni bọ́sà tó máa ké. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kò jẹ́ nǹkan kan lójú táǹkì, ṣùgbọ́n ó ti tó láti ya ìjì ojú omi sọ́tọ̀ kúrò lára omi tó kún lóòótọ́.

Ṣájà fóònù ló ń fún bọ́ọ̀dù níná, lórí iná kan náà tó ń gbé pọ́ǹpù. Mi ò fi bátìrì sí i: tí iná bá lọ, pọ́ǹpù náà ti kú, kò sí ohun tó fẹ́ kún. Bọ́ọ̀dù wà nínú ilé, wáyà sẹ́ńsọ̀ nìkan ló jáde lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ látorí àkàbà. “Àbúrò, ṣé iná ò ní gbé wa nínú omi yẹn?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Fóòtì 5 péré ló ń lọ síbẹ̀. Iná pọ́ǹpù ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Wọ́n bi mí bóyá ó lè pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ yìí ni iná pọ́ǹpù máa gbà kọjá. Ó gba rílè, swíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá tó sì ń pa á, èyí tó tóbi tó, kí oníná tó mọṣẹ́ sì wá so ó. Èyí tó ń ké ti tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí táǹkì kún, tí bọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ló sáré lọ pa pọ́ǹpù, ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ọwọ́ kúrò nínú aró.

Wọ́n ti ń bèèrè èyí tó máa ké tí omi bá fẹ́ tán. Ike kejì ni, nísàlẹ̀ táǹkì, lórí pin 3, pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ tirẹ̀. Nínú ìyẹn, ẹnu ike ni màá kọ ẹsẹ̀ sẹ́ńsọ̀ sí: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì gbé e léfòó, swíìṣì á pé, á dákẹ́, tí omi bá fà sẹ́yìn tí ike fì sísàlẹ̀, á gé, á ké. Màá jẹ́ kí igbe tiẹ̀ máa dún léraléra ní kúkúrú, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti òkè láìgbójú sókè. Ṣùgbọ́n òun kò lè lo iná pọ́ǹpù, torí ìgbà tí kò síná gan-an ni omi máa ń tán. Páwà báǹkì ló máa gbé e.